Ìdámẹ́wàá Epo Bẹntiróòlù

Ní ìgbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ bí mo bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, Festac tí ẹ mọ̀ lónìí kọ́ ni Festac tí àwa gbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi fóònù ka Bíbélì. Ojú títì wa mọ́, gọ́tà wa ń ṣàn, igi furúùtù wà káàkiri, àwa ọmọdé a sì máa jà lórí èso rẹ̀ bí ẹni jà lórí ogún bàbá. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan. Màmá mi ń ránṣọ, òun náà ló sì ń léwájú àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kékeré kan tí kò jìnnà sí Apple Junction. Ohùn tó ní, bó bá ti gbé orin, ẹni tó ń tòògbé pàápàá á dìde dúró.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa yẹn ní àṣà kan. Ìdámẹ́wàá kì í ṣe owó nìkan. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá bà láàárín ọ̀sẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ lo máa gbé jó lọ síwájú. Ẹni tó ń ta ọṣẹ á gbé ọṣẹ, ẹni tó ń ta ìrẹsì á gbé ìrẹsì. Ìyá kan tó ń sin adìyẹ a máa gbé ẹyin jó nínú abọ́, gbogbo àwa ọmọdé á sì tẹjú mọ́ ọn bóyá ọ̀kan máa já bọ́. Mo fẹ́ràn àṣà yẹn gan-an. Mi ò mọ̀ pé òun ló máa gbé ìtìjú wọ ilé wa.

Lọ́dún kan, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba, epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Mọ́tò tò lọ bẹẹrẹ nílé epo, àwọn awakọ̀ ń sùn síbẹ̀. Iná ìjọba kì í wá. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa kàn jókòó sẹ́yìn ilé lásán ni, ooru ń pa wá, pásítọ̀ sì ń fi ẹnu lásán wàásù títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ibẹ̀ la wà tí ìròyìn fi dé pé páìpù epo kan ti bẹ́ nínú àbàtà lẹ́yìn Satellite Town. Àwọn èèyàn gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n gbé garawa, àwọn kan gbé ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n lọ ń gbọ́n epo bí ẹni ń gbọ́n omi odò. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa náà lọ. Wọ́n tiẹ̀ ń kọrin lọ ni. Wọ́n ní ìpèsè ni, pé Ẹni tó fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lómi láti inú àpáta ló ṣí páìpù fún àwọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyà a máa kọ́ èèyàn ní ìtumọ̀ Bíbélì tí kò sí nínú Bíbélì.

Bàbá mi bá wọn lọ. Nígbà tó dé, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún sòkòtò rẹ̀, òórùn epo bò ó, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé ó gbé mi sókè. Lẹ́yìn náà ló mú ife ike kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn epo náà láti yọ ti Ọlọ́run sọ́tọ̀. Bó bá wọn ife mẹ́sàn-án sínú kẹ́ẹ̀gì ńlá, á wọn ìkẹwàá sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré, á sì rí i dájú pé ife ti Ọlọ́run kún dáadáa ju tiwa lọ. Bàbá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ń bà á gidi pé kí òun má lọ rẹ́ Ọlọ́run jẹ. Ẹni tó ni epo gan-an ni kò sí lọ́kàn rẹ̀.

Màmá mi dúró tì í, ó ní, “Dádì, epo yìí kì í ṣe tiwa o.”

“Ta ló wá ni ín? Ó ń ṣàn dànù ni. Àbí ìjọba tó ń jẹ wá níyà yìí ni kí n lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn?”

“Mo gbọ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáà gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì.”

Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ náà ò lè yé obìnrin. Ó dé kẹ́ẹ̀gì náà pa.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tó kan ìdámẹ́wàá, bàbá mi gbé kẹ́ẹ̀gì lé èjìká, ó ń ju áńkáṣíìfù funfun, ó ń jó bọ̀ níwájú. Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Àwọn ọkùnrin mìíràn gbé tiwọn tẹ̀lé e. Òórùn epo gba gbogbo ilé, a ń wúkọ́, a ń ṣe halelúyà. Pásítọ̀ gbàdúrà sí i, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn, kò sì pẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ fi bú ramúramù. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, atẹ́gùn fẹ́ sí wa lójú, àwọn ìyá kan ń sunkún ayọ̀. Pásítọ̀ wá na máìkì sí màmá mi. Ó ní, “Sísítà, ẹ gbé orin ọpẹ́ fún wa.”

Màmá mi gba máìkì. Ó wo bàbá mi, ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ yẹn. Epo olépo ni. Mi ò lè fi ohun tí a jí gbé yin Ọlọ́run tó ní ká má jalè.” Epo kan náà ló gbé ohùn rẹ̀ jáde tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́. Ó gbé máìkì sórí àga, ó sì rọra jáde síta.

Kò sẹ́ni tó pa jẹnẹrétọ̀. Ẹlòmíràn gbé orin, ìjọ sì ń gbè é. Bàbá mi dúró níwájú, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kò mọ ibi tó máa gbójú sí. Àwọn ọmọ tí a jọ jókòó yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, ojú sì tì mí débi pé ó ṣe mí bíi kí n wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí kí n sọ pé iná ṣẹ́ yọ níbi páìpù yẹn, tí gbogbo wọn fi wá mọ̀ pé màmá mi ló gbọ́n, iná ò ṣẹ́ yọ. Wọ́n lo epo wọn tán, wọ́n sì sun oorun wọn. Màmá mi nìkan ni ìyà jẹ. Àwọn obìnrin ìjọ wá kó aṣọ tí wọ́n gbé fún un rán, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ dúró kó dá wọn lóhùn. Níta, wọ́n ń pe èmi ní ọmọ Sísítà Mímọ́. Nílé, bàbá mi ò lu màmá mi, kò bú u, ṣùgbọ́n èmi ló ń rán sí i. “Sọ fún màmá ẹ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù.” Kíṣìnì ò jìnnà sí i, màmá mi sì ń gbọ́ ọ ketekete. Síbẹ̀ mo máa lọ jẹ́ iṣẹ́ náà, màá tún mú èsì bọ̀.

Pásítọ̀ àtàwọn àgbà ìjọ ránṣẹ́ pe bàbá mi. Wọ́n ní kí ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó bẹ ọkọ rẹ̀, kó sì sọ pé òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ lórí epo yẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń gbé ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, náà gbọ́, ó sì wá bá wa nílé. Obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní, “Ìyàwó, o dójú ti àbúrò mi lójú ayé. Bí o ò bá ṣe bí wọ́n ṣe ní kí o ṣe, palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́, kí o máa lọ sílé bàbá ẹ.” Bàbá mi wà níbẹ̀, kò gbèjà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àyà mi já.

Màmá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa kúnlẹ̀ fún ọkọ mi. Mo dójú tì í, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀ fún epo.”

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn tí kì í wá tẹ́lẹ̀ wá. Màmá mi jáde síwájú, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú bàbá mi, ó ní, “Dádì, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Kò yẹ kí n dójú tì yín láàárín èèyàn.” Pásítọ̀ tẹ̀ síwájú. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ epo ńkọ́, Sísítà?” Màmá mi ò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wú ikọ́ níbi tó jókòó sí. Gbogbo ojú wá wà lára bàbá mi, torí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò, bóyá ó máa lé e ni.

Bàbá mi ṣí fìlà. Ó wọ bùbá funfun lọ́jọ́ náà, màmá mi ló rán an fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó dojú kọ ìjọ. Ó ní, “Èmi ni mo lọ gbọ́n epo. Ó sọ fún mi nílé, mi ò gbọ́. Mo jalè, mo sì gbé e wá fún Ọlọ́run. Ẹ má bá ìyàwó mi wí mọ́.”

Mo retí kí àwọn tí wọ́n jọ lọ dìde. Ẹni tó kọ́kọ́ mú ìròyìn páìpù wá jókòó síbẹ̀, ó ń wo òrùlé. Àgbà kan ń ṣí Bíbélì kiri bí ẹni pé ó ń wá nǹkan. Kò sẹ́ni tó dìde. Àwọn òbí mi méjèèjì nìkan ló wà nílẹ̀, ojú sì tún tì mí. Ti àkọ́kọ́, màmá mi ni mo tijú rẹ̀. Tọjọ́ yìí, ìjọ lápapọ̀ ni. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun tó ní kí màmá mi palẹ̀ ẹrù mọ́, ló dìde lọ gbé wọn nílẹ̀. Ó gbọn eruku kúrò láyà àbúrò rẹ̀, ó fa ìyàwó lọ́wọ́, kò sì sọ̀rọ̀ ilé bàbá mọ́ láéláé.

Epo tó kù nílé, bàbá mi gbé e padà lọ síbi páìpù. Àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pín in láàárín ara wọn níṣojú rẹ̀. Òun àti màmá mi fi ìyẹn rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe olórí akọrin. Àwa ṣáà ń lọ, a ń jókòó lẹ́yìn.

Ayé ti yí padà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ báyìí ní ẹ̀rọ amúlétutù, àga rẹ̀ sì ń rọ̀ múlọ́múlọ́. A kì í gbé ẹyin jó mọ́, fóònù lẹ fi ń san ìdámẹ́wàá, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí èèyàn bá gbé ẹrù olè wá, ó kéré tán, a máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Èmi náà ti di Mọ́mì tí wọ́n ń tẹ́ àga fún níwájú.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tuntun jó wá fún ìjọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé jìbìtì ló ń lù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìjọ hó yèè. Mo ń wo iwájú, mo ń wo ẹ̀yìn, mò ń wá ẹni tó máa dìde. Mo bínú sí àwọn ọ̀dọ́ pé wọn ò nígboyà, mo bínú sí pásítọ̀ pé kò béèrè. Ìgbà tí mo wo gbogbo wọn tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Wọ́n ní kí Mọ́mì jáde wá gbàdúrà sí kọ́kọ́rọ́ náà. Mo sì jáde.