Mo Pa Furnace Kó Lè Sinmi

Kí n tó dé Calgary, iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́. Ìwé mi ò ju JSS 3 lọ. Ọ̀gá mi ní Ìkòròdú ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, ohun tó sì máa ń tẹnu mọ́ jù ni pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sinmi. Jẹnẹrétọ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́, a máa pa á, a máa jẹ́ kó tutù ká tó tún tàn án. Àṣà yẹn ni mo gbé dé ilé ẹ̀gbọ́n mi ní àdúgbò Martindale.

Basement nísàlẹ̀ ilé ni mo ń gbé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti furnace, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì dáná, tó sì ń fẹ́ ooru gba ihò ilẹ̀ wọ gbogbo yàrá. Nínú òtútù January, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń mí ṣáá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Switch rẹ̀ wà lára ògiri, ó rí bíi ti iná yàrá gẹ́lẹ́. Láàárọ̀, mo máa ń pa á, mo máa wẹ̀, mo máa jẹun, kí n tó tún tàn án kí n sì lọ síbi iṣẹ́ ní warehouse. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú mi, mò ń bá wọn tọ́jú ilé ni.

Ní Sátidé kan, ẹni tó máa ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ tètè dé, ó ń fọn fèrè ọkọ̀. Mo sáré wọ bàtà, mo jáde. Mo gbàgbé láti tún furnace tàn.

Fóònù mi wà nínú lọ́kà níbi iṣẹ́, mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà tí mo dé, gbogbo wọn wọ kóòtù òtútù nínú ilé: ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ tuntun, àti ìyá ìyàwó tó wá láti Ìbàdàn wá bá wọn wẹ ọmọ. Òtútù kì í jẹ́ kí Màmá gbádùn. Ìgbà gbogbo ló máa ń tẹ thermostat, ìyẹn bọ́tìnnì ara ògiri pálọ̀ tó ń pinnu ìwọ̀n ooru, sókè, ẹ̀gbọ́n mi á sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ojú thermostat ṣókùnkùn, kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀.

"Màmá, kí lẹ tẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bèèrè.

"Òkè ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Mo sọ fún yín pé nǹkan yìí kì í ṣe rédíò."

"Mummy, please," ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. "Engineer, bá wa sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó jàre."

Mo ti mọ̀ kí n tó dé ìsàlẹ̀. Mo tan switch. Mo wá yọ filter tó ń gba eruku dúró, mo gbé e gòkè lọ fi hàn wọ́n. Eruku bò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló fa ọ̀rọ̀ náà.

"Ó ti dí," mo ní.

"Filter dídí, bọ́tìnnì títẹ̀, àwọn méjèèjì ló para pọ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ọmọ yìí mọṣẹ́ o!"

Mo gba ìyìn náà. Mo rí Màmá tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, síbẹ̀ mo gbé filter sọ̀ kalẹ̀ lọ gbọn eruku rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí Màmá bá fẹ́ kọjá níwájú thermostat, á káwọ́ sẹ́yìn. Fìlà onírun ló ń dé jẹun. Èmi náà ò pa furnace mọ́, mo ti rí i nínú fídíò pé ó máa ń dá ara rẹ̀ dúró nígbà tí ilé bá ti móoru tó. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, snow jà pẹ̀lú ìjì. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, ilé tutù. Màmá nìkan ló wà nílé, ó fi ìró méjì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì pọn ọmọ.

"Màmá, láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò pè wá?"

"Kí wọ́n tún lè ní èmi ni? Mi ò débẹ̀ o. Mi ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀."

Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo kọ́kọ́ fimú wá òórùn gáàsì, torí tó bá ń rùn, ìta la máa sá sí ká tó pe ẹnikẹ́ni. Kò rùn. Switch wà ní títàn, filter mọ́. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára furnace, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta túmọ̀ sí pé atẹ́gùn ò rí ọ̀nà gbà. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé níta. Snow ti bo páìpù funfun méjì tí furnace fi ń mí. Ọwọ́ ni mo fi gbẹ́ ẹ kúrò. Mo pa switch, mo dúró díẹ̀, mo tún tàn án. Fáànù kékeré kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà iná ràn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ dé, mi ò jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ti Sátidé yẹn, èmi ni mo pa furnace."

"O pa á báwo?"

"Mo ní kó sinmi. Mo gbàgbé ẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó wá wo ojú ìyá rẹ̀, ó panu dé.

"Ìwọ!" Màmá ní. "Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni mo gbà! Mò ń bẹ Ọlọ́run kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ bọ́tìnnì jì mí!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Màmá, ẹ má bínú," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Èmi náà sọ̀rọ̀ jù."

Màmá gbé ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, ó rìn lọ síbi thermostat, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo nọ́ńbà náà, kò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Mo ṣì wà nílẹ̀. Ihò ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, mo gbọ́ tí furnace dáhùn nísàlẹ̀, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí mi lójú.