Màmá Tó Ń So Tẹlifóònù Pọ̀

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ìyá olùkọ́ kan fi jókòó nídìí ẹ̀rọ tó ń so tẹlifóònù àwọn ará ìlú pọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun gba iṣẹ́ náà, ó rò pé ohun tóun mọ̀ ò wúlò fẹ́nikẹ́ni mọ́, àfìgbà tọ́mọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ní kó wá fi iṣẹ́ àtijọ́ náà han àwọn ọmọ kíláàsì òun.

Nígbà tí Màmá dé kíláàsì, ó fi okùn lé wọn lọ́wọ́ bíi wáyà tẹlifóònù. Ó sọ ọmọ kan di dókítà, ó sọ òmíràn di aláìsàn, òun sì jókòó sáàárín.

"Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá?"

"Dókítà! Inú ń run mí!"

Màmá so okùn méjèèjì pọ̀, ni ẹ̀rín bá sọ.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Màmá, ṣé ẹ máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni?"

"Etí mi ń gbọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi nílẹ̀kùn."

Nígbà tí agogo ìsinmi lù, kò sọ́mọ tó fẹ́ jáde lọ ṣeré. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́rú ni Màmá ń lọ sílé ìwé, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ wọ bàtà nílé ṣáájú ọmọ rẹ̀ olùkọ́.