Àpò Gààrì Lára Ògiri

Bí mo bá ti rí àpò òfìfo, bàbá ará Ítálì tó jẹ́ aládùúgbò wa ní Upney nílùú òyìnbó ni mo máa ń rántí. Kì í fọwọ́ kan àpò láìkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ayàwòrán kan nílùú òun pa ọ̀dà tì, wọ́n ń fi àkísà, èédú àti àpò ṣiṣẹ́ ọnà. Ọwọ́ wọn ló ti kọ́ṣẹ́.

Ìyàwó mi fún un ní àpò gààrì wa kan tó ti ṣófo, ó sì fi í ṣàwàdà: "Bàbá, ṣé gààrì lẹ fẹ́ mu ni?" Nígbà tó fẹ́ fọ̀ ọ́, bàbá kọ̀.

"Má fọ̀ ọ́. Ẹni tó lò ó ṣì wà nínú rẹ̀."

Ìyàwó mi ti fi bírò kọ ọ́ sára àpò náà, nítorí àwọn tó ń dáná ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Gààrì mi nìyí. Ẹ fi sílẹ̀ o!" Bàbá kò pa á rẹ́. Ó fi òwú pupa rán ibi tó ya, ó kàn án mọ́ pákó, ó gbé e kọ́ ògiri ilé rẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, bàbá gbé e wá bá mi. "Tìrẹ ni."

Mo ro ohun tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa sọ tí wọ́n bá rí àpò gààrì lára ògiri mi. "Bàbá, àpò lásán ni."

Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbé e padà lọ.

Bàbá kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ dà nù kí n tó tibi iṣẹ́ dé. Fọ́tò ìyàwó mi pọ̀ nílé, ṣùgbọ́n orí fóònù ló máa ń kọ̀wé sí. Mo ti wá gbogbo ilé. N kò rí ibòmíràn tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan.