Bọ́tìnnì Tó Ń Rẹ Ohùn Sílẹ̀

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi bẹ̀ mí fún ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún wọn: "Kí ohùn mi tó lọ pátápátá, mo fẹ́ kọ orin tí bàbá rẹ fẹ́ràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìwọ tẹ dùùrù sí i." Mo ní, "Kò burú, Màámi." Kò burú kẹ̀! Èmi tí n kò tẹ nǹkan kan rí láyé ju fóònù lọ.

Mo ra kíbọ́ọ̀dù àlòkù kan ní Táíwò Road, mo gbé e sí pálọ̀ mi ní àdúgbò Fate, mo ní fídíò orí fóònù ni yóò kọ́ mi. Àṣé fóònù tó ń kọ́ mi náà ni yóò máa pè mí kúrò nídìí ẹ̀kọ́. Màá tẹ ìlà kan, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi á kọ̀wé wọlé, wọ́n ń bèèrè ẹni tó mú rẹ́jísítà. Kí n tó fèsì tán, mo ti ń wo obìnrin kan tó ń se ẹ̀fọ́ rírò. Ọbẹ̀ tí mo mọ̀ ọ́n sè láti kékeré! Nígbà tí mo bá fi padà, ìka mi á ti gbàgbé. Inú á bí mi, màá pa fóònù. Iná á sì lọ. Ṣé wọ́n fi mí bú ni?

Àwọn kíì dúdú orí kíbọ́ọ̀dù ló wá sú mi jù. Ohùn ìyá mi ti wálẹ̀ gan-an, kí orin náà tó lè bá a mu, àfi kí n máa fò sórí àwọn dúdú yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò wọlé. Wọ́n ní kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Èmi rí ọ̀kan. Bọ́tìnnì kan wà lára kíbọ́ọ̀dù náà: tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ohùn á wálẹ̀ fúnra rẹ̀, màá sì máa tẹ àwọn funfun mi lọ. Mo jó! Mo pe ìyá mi, mo gbé fóònù ti kíbọ́ọ̀dù, mo tẹ orin náà jálẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ láti Ọ̀mù-Àrán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé. Píánò onígi àtijọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé ń lò. Ojú mi ni wọ́n ṣe ń nù ún láti kékeré. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù. Mo jókòó, mo na ìka síbi tí bọ́tìnnì máa ń wà. Igi ni mo bá.

Kí ni n bá ṣe? Mo tẹ àwọn funfun mi, orin sì ga fíofío. Ìyá mi tẹ̀ lé e, wọ́n ń na ọrùn. Ní ìlà kẹta, ohùn wọn já. Wọ́n tún gbìyànjú, ó tún já. Lẹ́yìn náà, ètè wọn nìkan ló ń mì títí mo fi tẹ̀ ẹ́ tán. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ojú tì mí débi pé n kò lè dìde.

Nígbà tí a délé, mo ní, "Màámi, ẹ má bínú."

"Kí lo ṣe? O tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ohùn mi ló ti lọ."

Irọ́ ni. Ohùn wọn kò lọ. Èmi ni mo gbé orin kọjá ibi tí ọwọ́ wọn lè tó, nítorí pé n kò lè jókòó sójú kan.

Mo ti fi pílásítà lẹ bọ́tìnnì yẹn pa. Tí mo bá fẹ́ kọ́ dùùrù, inú ìkòkò ní kíṣìnnì ni fóònù ń gbé. Àwọn dúdú ṣì ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Lánàá mo pe ìyá mi, mo ní kí wọ́n bá mi kọ ìlà kan péré, pé mo ti rí ibi tí ohùn wọn wà.

Wọ́n ní, "Máa tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Mò ń gbọ́."