Ẹni Tó Dúró ní Búlọ́ọ̀kù Keje

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ síta kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mo fẹ́ sọ. Bàṣírát ni orúkọ mi. Ìkátẹ̀ ni mo ti ń tẹ fọ́tò sórí páálí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ibi tí kẹ̀kẹ́ márúwá méjì lè dúró sí lọ, mo sì ti wà níbẹ̀ kí àwọn ilé gogoro tó gba etí ẹ̀sípírẹ̀sì tó máa bo oòrùn mọ́ wa lójú. Ọmọ́wùnmí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òun ló ni ìdajì ṣọ́ọ̀bù náà. Òun á ya fọ́tò, èmi á tẹ̀ ẹ́.

Ìrágbìjí ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Lẹ́kkí, kì í ṣe kámẹ́rà ló gbé wá. Búlọ́ọ̀kù ló ń rù. Ọdún mẹ́rin gbáko ni obìnrin yìí fi ṣe lébúrà, tó ń fi òṣùká ru búlọ́ọ̀kù gun àkàbà lọ sí àjà kejì, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Ajah. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ máa rí i nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, tó ń lọ sí ìjọ wọn létí òkun. Aláṣọ funfun ni, Mùsùlùmí lèmi, a ò sì jà nítorí ẹ̀sìn rí. Lẹ́ǹsì nìkan la máa ń jà lé lórí.

Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ló ba lẹ́ǹsì ńlá tó ń lò tẹ́lẹ̀ jẹ́, irú èyí tó máa ń fúnra rẹ̀ wá ojú èèyàn rí. Dípò kó ra irú rẹ̀ padà, ó lọ ra kámẹ́rà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní mírọ́lẹ̀sì, ó wá fi lẹ́ǹsì kékeré kan sí i lẹ́nu. Irin ni gbogbo ara lẹ́ǹsì náà, kò sì tóbi ju agolo tòmátì kékeré lọ. Kò lè fa nǹkan sún mọ́ni, kò lè tì í jìnnà. Tí o bá fẹ́ kí nǹkan tóbi, ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi rìn lọ bá a. Iná kì í wọ inú rẹ̀, wáyà kankan ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí òrùka tó wà lára rẹ̀ kí àwòrán tó mọ́, bí o kò bá sì yí i débi tó yẹ, gbogbo rẹ̀ á ṣe bàìbàì.

"Ọmọ́wùnmí, ta ló ṣépè fún ẹ?" mo máa ń bi í. "Ayé ti lajú, ìwọ ṣì ń yí nǹkan bí ẹni ń yí rédíò bàbá àgbà."

Á rẹ́rìn-ín. "Bàṣírát, tèmi á ti yà á tán kí tiwọn tó jí lójú oorun."

Òótọ́ ló sì ń sọ, ìyẹn ló máa ń múnú bí mi jù. Iṣẹ́ lébúrà tó ṣe ló fi ń wọn ilẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Á wo ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó fẹ́ yà, á ka búlọ́ọ̀kù láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Tó bá jẹ́ méje, á yí òrùka sí mítà mẹ́ta, á tẹ̀ ẹ́. Kì í gbé kámẹ́rà sójú rárá, àyà ló ti máa ń yà á, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ pé ó ti ya àwọn.

Obìnrin kan tó ń gbé ní Kánádà ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ní kí Ọmọ́wùnmí máa lọ ya sáìtì náà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan kó máa fi ránṣẹ́ sí òun. Olúdélé ni ẹnjiníà tó ń kọ́ ọ. Joshua ni káfíńtà, ọmọ Ìlá, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. Dúrósinmí ni bíríkìlà, ọmọ Ìkìrun, aláwàdà paraku. Bó bá ti rí Ọmọ́wùnmí, á kígbe pé, "Àǹtí, ẹ yà mí kí n rẹwà, kí n fi wá ìyàwó!" Ọmọ́wùnmí á ní kó kọ́kọ́ fọ símẹ́ǹtì kúrò nírùngbọ̀n ná.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, dẹ́kìn kọnkéré tí wọ́n dà sí àjà kejì kò tíì ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Ẹni tó bá ti ru símẹ́ǹtì rí mọ̀ pé ọparun tó gbé dẹ́kìn dúró kò gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi gbó dáadáa. Olúdélé ní kí wọ́n yọ wọ́n. Ó ní iṣẹ́ mìíràn ní Sángótẹ̀dó, ibẹ̀ ló fẹ́ kó ọparun náà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Joshua na ọwọ́ méjèèjì síta. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kò tíì gbó. Ẹ jẹ́ ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Olúdélé na ìka sí ọparun. "Ṣé ìwọ ni ẹnjiníà ni àbí èmi? Ẹ yọ ọ́, mo ní!"

Ọmọ́wùnmí dúró níbẹ̀. Ó ka búlọ́ọ̀kù méje, ó yí òrùka, ó tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ dẹ́kìn ṣókùnkùn, nítorí náà ó ti ṣí ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ gbayawu kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Tó bá sì ti ṣí bẹ́ẹ̀, ibi kan ṣoṣo tó yí i sí ló máa ń mọ́. Ohun tó wà níwájú ibẹ̀ àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣe bàìbàì.

Wọ́n yọ ọparun náà bí Olúdélé ṣe wí. Lọ́jọ́ Sátidé, dẹ́kìn náà já lulẹ̀. Dúrósinmí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní Dúrósinmí kó lè dúró sin òun. Olúdélé ò jẹ́ kó dúró.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe? Kí eruku tó rọlẹ̀, ó ti pe ọlọ́pàá. Ó ní Joshua ló yọ ọparun láìgbàṣẹ, pé ó fẹ́ jí i tà. Háà! Ìkà èèyàn! Wọ́n ju Joshua sí àtìmọ́lé, wọ́n ní tó bá di Ọjọ́bọ̀ àwọn á gbé e lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn pé ó pànìyàn. Àwọn lébúrà tó kù ti sá lọ. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí ta ko ọ̀gá? Fọ́tò Ọmọ́wùnmí nìkan ló kù tó lè gbà á sílẹ̀.

Mo tẹ fọ́tò náà lọ́jọ́ Ajé, ó tóbi, ó dán. Ojú Olúdélé mọ́ débi pé ẹ lè ka irun imú rẹ̀. Ìka rẹ̀ rèé tó nà sí ọparun, ọwọ́ Joshua rèé tó ń bẹ̀ ẹ́. A gbé e lọ fún ọlọ́pàá tó ń wo ẹjọ́ náà, bàbá kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, a sì fi káàdì kámẹ́rà tì í. Ó wò ó títí, ó ní ká padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mi ò mọ̀ pé mo tètè dúpẹ́.

Nígbà tá a débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Olúdélé ti jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó mú ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olúwaṣèyítán lọ́wọ́, ó ní ògbóǹtarìgì lórí kọ̀m̀pútà ni. Olúwaṣèyítán ṣí fọ́tò náà sójú kọ̀m̀pútà rẹ̀. Gbogbo fọ́tò ló máa ń ní àkọsílẹ̀ nínú: ọjọ́, aago, irú lẹ́ǹsì tí wọ́n fi yà á.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó," ó ní. "Ibi tí orúkọ lẹ́ǹsì yẹ kó wà, òfìfo. Ibi tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí, òdo. Kámẹ́rà tí kò ní lẹ́ǹsì, ṣé ó lè ya fọ́tò? Inú kọ̀m̀pútà ni wọ́n ti ṣe é."

"Lẹ́ǹsì náà ò ní iná nínú ni!" Ọmọ́wùnmí ní. "Kò lè bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Ìdí tó fi—"

"Ẹ dákẹ́ jàre," Olúdélé dá a lẹ́nu. "Lébúrà àná ló fẹ́ wá kọ́ wa níṣẹ́ kọ̀m̀pútà."

Bàbá ọlọ́pàá wo òdo tó wà níbẹ̀, ó mi orí. Ó ní ká máa lọ, pé ká dúpẹ́ pé òun ò ti àwa náà mọ́lé nítorí ayédèrú. Mo pariwo. Mo pariwo débi pé wọ́n tì wá jáde.

Ohun tí mo ṣe lójú ọ̀nà ṣì ń dùn mí di òní. Dípò kí n bínú sí ẹni tó yẹ, ọ̀rẹ́ mi ni mo yíjú sí. "Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ṣé mi ò ní kó o ra lẹ́ǹsì gidi? Ahun ni ẹ́! Ìwà ahun rẹ ló máa rán Joshua lọ sẹ́wọ̀n!"

Ó yára rìn síwájú mi títí a fi dé ṣọ́ọ̀bù. Ló bá fi ọwọ́ gbá tábìlì, gbàà. "Ṣé o ti sọ tán? Mo fi orí mi ru búlọ́ọ̀kù nílùú yìí fún ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó pè é ní ayédèrú. Lọ́la, kámẹ́rà gan-an la máa gbé lọ." Omijé ti bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe omijé àánú. Ìbínú ni.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, bàbá ọlọ́pàá, Olúdélé àti Olúwaṣèyítán tún wà níbẹ̀. Ọmọ́wùnmí kúnlẹ̀ kí bàbá ọlọ́pàá, ó gbé kámẹ́rà tó ti fi káàdì tuntun sí lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ya Ẹnjiníà."

Ó yà á. Bàìbàì. Olúdélé rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Kò ṣiṣẹ́."

"Ẹ ka táìsì ilẹ̀ sà," Ọmọ́wùnmí ní. "Láti ẹsẹ̀ yín dé ẹsẹ̀ wọn."

"Márùn-ún," bàbá náà ní.

"Ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí òrùka yẹn sí ibi tí wọ́n kọ mẹ́ta sí. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́."

Ó yí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú Olúdélé jáde kedere, pẹ̀lú òógùn tó ti ń yọ níwájú orí rẹ̀. Bàbá yọ káàdì, ó nà án sí Olúwaṣèyítán. "Ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kà á sókè."

Olúwaṣèyítán wo Olúdélé, ó wo ilẹ̀. "Lẹ́ǹsì... òfìfo ni sà. Ìwọ̀n rẹ̀... òdo."

"Èmi náà ti ń ṣe ayédèrú nìyẹn?" bàbá náà ní. "Nínú ọ́fíìsì mi? Lójú ìwọ yìí?"

Ó tún gbé fọ́tò sáìtì, ó fi wé ojú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì pe ẹni tó ń ṣọ́ àtìmọ́lé. Joshua jáde wá láìwọ ẹ̀wù, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọmọ́wùnmí.

Ṣé ẹ rò pé Olúdélé ló rọ́pò rẹ̀ ní àtìmọ́lé? Rárá o! Wọ́n ní kó lọ sílé, kó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀. Sílé! Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sùn sórí ilẹ̀ lásán fún odidi ọjọ́ mẹ́rin, ẹni tó pànìyàn wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀. Mo bú u títí mọ́tò náà fi wọ ẹ̀sípírẹ̀sì, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá Dúrósinmí dé láti Ìkìrun. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní wọ́n júwe ibẹ̀ fún òun. Fóònù ọmọ rẹ̀ fọ́ mọ́ ọn lára, kò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan láti ìgbà tó ti dàgbà. Ó fẹ́ ọ̀kan, tí wọ́n máa gbé síwájú pósí.

Èmi àti Ọmọ́wùnmí wo ara wa. Gbogbo ìgbà tí Dúrósinmí fi ń sọ pé kí wọ́n ya òun, ẹ̀rín la fi í rín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bọ́ sínú fọ́tò, ti Ọjọ́bọ̀ náà ni. Ó dúró lẹ́yìn Olúdélé, ó di ọparun mú, ojú rẹ̀ kò sì ju àbàwọ́n lọ. Mo gé Olúdélé kúrò, mo fa Dúrósinmí tóbi, mo lo gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀m̀pútà. Bí mo ṣe ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ ló ń bàjẹ́ sí i. Mo gbá kọ̀m̀pútà náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Ọmọ́wùnmí kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Mà. Búlọ́ọ̀kù keje ni mo yí i sí. Ìkọkànlá lòun dúró sí."

Ìyá náà na ọwọ́ sí ẹ̀dà fọ́tò ńlá tá a gbé lọ fún ọlọ́pàá, èyí tá ò tíì gé. "Ta nìyí, tó mọ́ kedere báyìí?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Òun ló ní kí wọ́n yọ ọparun, Mà." Mo gbé àlùmọ́gàjí. "Ẹ jẹ́ kí n gé e kúrò níbẹ̀."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Má gé e," ó ní. "Ojú ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́n. Ojú ẹni yìí ni mi ò mọ̀."