Igbà Tí Mo Jókòó Lé

Ọ̀bẹ ọkọ mi ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí ọ̀pẹ. Àfọ́kù rẹ̀ fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ó já bọ́ sí ẹsẹ̀ mi nísàlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ṣe kúrò nínú omi báyìí ni ọkọ mi ti já a gbà, kò jẹ́ kó tún yá a níná.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ rọ òmíràn, mo tẹ̀lé e dé àgbẹ̀dẹ.

Irin sípíríńgì ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n rí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀. Irin ìkọ́lé kò dára fún ọ̀bẹ. Bí o bá pọ́n ọn láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán ojú rẹ̀ ti kú.

Alágbẹ̀dẹ fín ẹwìrì títí irin fi pọ́n, ó rọ ọ́ tán, ó tún yá a níná, ó wá rì í bọ epo ẹ́ńjìnnì. Ó fi fáìlì tó fi ń pọ́n irin ha á. Fáìlì yọ̀.

Ọkọ mi nawọ́. "Ó ti le. Mú un wá. Òjò ń ṣú."

"Bí àwo ló ṣe le, ẹ̀gbọ́n, á fọ́ ni. Ẹ jẹ́ n tún fún un ní iná, kó rọ̀ díẹ̀."

"Èyí tó ṣẹ́ ńkọ́?" ni ọkọ mi bi í.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ já a gbà lọ́wọ́ mi!"

Mo rí i tí ọkọ mi ń wo igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ. Mo ká a, mo jókòó lé e.

"Ìyá wọn, dìde lórí igbà mi."

"Bàbá wọn, ibí tù mí lára."

"Ìyàwó wa, ẹ má dìde o!" ni alágbẹ̀dẹ wí.

Ó fi yanrìn fọ ọ̀bẹ títí ó fi ń dán, ó gbé e sókè ẹ̀yinná. Àwọ̀ gàárì funfun kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ti gàárì olépo. Bó bá fi lè di àwọ̀ aró, ó ti rọ̀ jù nìyẹn. Ó yọ ọ́ kíá.

Ó wá ku ìrù rẹ̀, tí wọ́n máa ń fi iná jó wọ inú èèkù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, nítorí iná ìrù a máa ràn dé ojú ọ̀bẹ. Ó gún ojú rẹ̀ mọ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kó tó ti ìrù bọná.

Nígbà tó ti èèkù bọ̀ ọ́ tán, ó há ẹnu ọ̀bẹ sí ibi tí igi kan ti là, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ bí ọrun. Ọkọ mi dijú. Alágbẹ̀dẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì nà padà gbọnrangandan.

Mo dìde lórí igbà.

Nígbà tí ọkọ mi gun ọ̀pẹ, mo dúró lábẹ́ rẹ̀, etí mi wà lọ́dọ̀ ọ̀bẹ: kọ́, kọ́, kọ́.

"Ìyá wọn, kúrò níbẹ̀!"

Mo yẹra. Ìdì ẹyìn já bọ́ gbì.