Igi Ọsàn Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi kú. Obì ló ń tà ní Ṣàgámù. Ilé tó kọ́ kò tóbi, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fẹ̀, ìyá mi ló sì ń dáko níbẹ̀. Kí n tó gbọ́njú ló ti gbin igi ọsàn mẹ́ta síbẹ̀, pẹ̀lú ìbẹ́pẹ àti àgbálùmọ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á da eérú àti ìgbẹ́ adìẹ sí ebè, á gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi kànga la fi ń bomi rin wọ́n, títí àtẹ́lẹwọ́ wa á fi máa bó.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni bàbá mi lọ. Inú rírun ló dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ìyá mi ṣe opó. Kò gbọdọ̀ jáde síta, ẹ̀yìnkùlé nìkan ló kù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dé. Lọ́dún náà, ẹ̀fọ́ wa pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. Ó ń gbìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà míì, màá bá a níbi tó dúró sí láàárín ebè, tí òjò ń pa á, tí kò sì mọ̀.

Nígbà tó jáde opó, àwọn ẹbí bàbá mi pé sí pálọ̀. Wọ́n pín obì, wọ́n pín aṣọ, wọ́n sì gbé ilé fún àkọ́bí bàbá mi, ọmọ tí ìyáálé ìyá mi tó ti kú bí, tó ń ṣe káfíńtà l'Ékòó.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, igi ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Èmi ni mo gbìn wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò wojú rẹ̀. "Ìyàwó, ilẹ̀ ta lo gbìn wọ́n sí?"

"Ilẹ̀ ọkọ mi ni."

"Ọkọ rẹ ti kú. Ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni igi."



Káfíńtà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú lójú. Ó ra búrẹ́dì wá fún èmi àti àbúrò mi láti Èkó. Àmọ́ yàrá tí yóò fi háyà ló fẹ́ kọ́ sẹ́yìnkùlé. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́: "Ọkọ mi, ọsàn ti so. Ẹ jẹ́ kó pọ́n ná."

Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá. Ó di ẹ̀yìn òjò àrọ̀kúrò."

Kò pẹ́ sígbà náà, tí àrọ̀kúrò kò tíì rọ̀, a ti ọjà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òórùn ewé ọsàn gba gbogbo àdúgbò. Igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nílẹ̀. Ọsàn dúdú fọ́n káàkiri, ẹ̀ka wọn sì ti wó lu ebè ilá.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó gé wọn ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wa ni."

 Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ilá tí kò tíì fọ́ lábẹ́ ẹ̀ka. Mo bú sẹ́kún.

Ó ní, "Gbé agbọ̀n wá. Ohun tá a máa jẹ lálẹ́ nìyí."

A jẹ ẹ́. 

Kí ọyẹ́ tó dé, a ti kó lọ sí Ìrólù, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó fún un nílẹ̀ lẹ́bàá odò. Àbúrò rẹ̀ yìí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbin obì síbẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí nǹkan fi sílẹ̀."

"Fún ta ni?" ni ìyá mi dáhùn. "Èyí tí mo bá lè ká kí òjò tó dá ti tó mi."

Ata, ìkàn àti ẹ̀fọ́ ló ń gbìn lọ́dọọdún. Òun ló fi tọ́ èmi àti àbúrò mi. Ara rẹ̀ ń gbẹ sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tètè tẹ̀. N kò rántí pé mo tún gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.